Bódìjà Kò Tíì Dáhùn

Nígbà tí a sin Màmá àgbà tán, ọmọ wọn àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Adó, ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa wọn, torí èmi ọmọ-ọmọ wọn ni mo bá wọn gbé kẹ́yìn ní Bódìjà. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti abúlé tí a ti bí wọn ní Èkìtì, kí n bọ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ni, kí n sì ka ipò tí wọ́n dì mú ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, gbogbo ìyẹn sì ti wà nínú ìwé pélébé tí a pín lọ́jọ́ ìsìnkú. Ohun tí kò sí nínú ìwé náà ni mo fẹ́ sọ: agolo wọn, àti àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ní lórí fóònù.

Agolo mílíìkì ni, èyí ńlá, tí wọ́n gbé sórí òpó sìmẹ́ńtì kékeré kan lẹ́yìnkùlé, níbi tí omi òrùlé kò lè dé. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti gbàdúrà tán, wọ́n á mú rúlà onígi tó ti wà lọ́wọ́ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ni ní jọ́gíráfì, wọ́n á tì í bọ inú agolo, wọ́n á wo ibi tí omi dé. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà méjìlá, wọ́n á da omi náà sídìí òdòdó, wọ́n á mú fóònù, wọ́n á kọ ọ́ pé: "Bódìjà. Méjìlá." Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé: "Bódìjà. Òjò ò rọ̀." Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń mu tíì.

Àwọn nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Gúrúùpù kan ló wà lórí fóònù tí wọ́n ń pè ní Òjò Rọ̀ Níbí. Àgbàlagbà mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀, oníkálùkù pẹ̀lú agolo tirẹ̀. Ìjọba kọ́ ló rán wọn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi iye òjò náà ṣe ohunkóhun. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀. Ibi tí agolo rẹ bá wà ni orúkọ rẹ. Màmá ń jẹ́ Bódìjà. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ń jẹ́ Challenge. Bàbá kan tó ń sin ìgbín ń jẹ́ Moniya. Bí ẹ bá bá wọn lórí ọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé àdúgbò ló ń bá àdúgbò jà.

Inú gúrúùpù mìíràn ni wọ́n ti yọ jáde, ti àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Láti aago márùn-ún ìdájí ni àdúrà ti máa ń dà wọ ibẹ̀, ẹnìkan á fi ránṣẹ́, ẹlòmíì á tún fi èyí kan náà ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan Màmá béèrè níbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín?" Èèyàn mẹ́rìndínlógún ló dáhùn pé "Àmín." Bàbá tó wà ní Moniya nìkan ló ní, "Ó rọ̀ díẹ̀." Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn méjèèjì dá tiwọn sílẹ̀. Mo bi Màmá bóyá kò burú kí àgbà ìjọ máa sá fún àdúrà. Wọ́n wò mí. "Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà," wọ́n wí. "Kí wọ́n ṣáà má rán an gba ọ̀dọ̀ mi kọjá."

Bí ìròyìn òjò bá tán, ọ̀rọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá Moniya á fi àwòrán ìgbín hàn. Ìyá Challenge á fi fìlà ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fi òwú hun hàn, àwọn yòókù á máa bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n ń retí ní ọjọ́ orí yìí. Ẹnìkan á ní orúnkún ń dun òun, ẹlòmíì á ní kó má dá a lóhùn. Màmá kò fẹ́ràn àtitẹ̀wé púpọ̀; ohùn ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀. Wọ́n á na fóònù síwájú, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ fún kíláàsì kọ, wọ́n á sọ díẹ̀, wọ́n á dúró kí àwọn tó ń kọ ọ́ lè bá wọn. Èmi á ti ibi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ dé, ẹsẹ̀ mi á ti wú, màá sì jókòó ti èrò àgbàlagbà mẹ́tàlá lórí bóyá ìgbín ń jẹ ewé ìbẹ́pẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, "Màmá, kí lẹ ń rí nínú ọ̀rọ̀ ìgbín tó pọ̀ tó báyìí?" Inú ò bí wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tí kò ṣe pàtàkì ni èèyàn ń bá ọ̀rẹ́ sọ, Tinúkẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì, dókítà ló ń gbọ́ ọ."

Ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Lọ́dún kan, iye òjò Ìyá Challenge ń ga ju ti gbogbo èèyàn lọ. Màmá ní kí wọ́n ya àwòrán agolo náà. Àwòrán dé, agolo wà lábẹ́ etí òrùlé gan-an. Màmá kọ ọ́ síwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé, "Òrùlé lẹ ń wọ̀n, kì í ṣe òjò." Ìyá Challenge bínú, wọ́n sì kúrò nínú gúrúùpù. Ìparí òjò ọdún náà nìyẹn, ẹ̀ẹ̀rùn sì bẹ̀rẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Màmá á gbé fóònù wò nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Kò mà sí fìlà kankan mọ́," wọ́n á sì gbé e sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n pe Ìyá Challenge, wọ́n kọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ni Ìyá Challenge bá padà wọlé pẹ̀lú àwòrán kan: agolo wà láàárín gbùngbùn àgbàlá, lórí búlọ́ọ̀kù. Wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Challenge. Méje." Màmá dáhùn pé, "Bódìjà. Méje náà." Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ẹ má bínú. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn, mo bi wọ́n bóyá bó ṣe parí nìyẹn. "Ìjà ẹ̀ẹ̀rùn," wọ́n wí, "òjò àkọ́rọ̀ ló ń parí ẹ̀."

Ṣùgbọ́n ìrìn Moniya ni mo fi mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

Bàbá Moniya ló máa ń kọ́kọ́ kọ iye òjò láràárọ̀, kì í pé aago méje. Lọ́jọ́ Sátidé kan a ò rí nǹkan kan. Ọjọ́ Àìkú mọ́, a ò tún rí nǹkan. Màmá pè wọ́n, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Àwọn yòókù ní bóyá wọ́n rìnrìn àjò. Màmá ní ẹni tó ní igba ìgbín kì í rìnrìn àjò láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ti wà lọ́rùn wa. Wọ́n pààrọ̀ bàtà, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ.

Mo ní, "Ṣé ẹ mọ àdírẹ́sì wọn ni?"

"N ò mọ̀ ọ́n."

"Orúkọ wọn ńkọ́?"

"Moniya."

A wọ kẹ̀kẹ́, a wọ bọ́ọ̀sì. Nínú bọ́ọ̀sì ni Màmá ti ń ka ohun tí bàbá náà ti sọ láti ọdún mẹ́rin: pé fèrè ọkọ̀ ojú irin ń ti apá ọ̀tún wá bá àwọn, pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan ń jí àwọn, pé ẹnìkan ń jó irin pọ̀ ní òdìkejì ilé. Moniya kì í ṣe ibi kékeré. A rìn títí oòrùn fi mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Màmá nígbà náà, wọn ò kùn. Wọ́n kàn yí ìbéèrè padà ni. Wọ́n lọ bá obìnrin kan tó ń sun àgbàdo, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, ǹjẹ́ ẹ mọ bàbá kan tó gbé agolo sórí òpó, tó ń ti rúlà bọ̀ ọ́ láràárọ̀?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá olómi òjò? Ilé wọn nìyẹn."

Ilẹ̀kùn wà ní títì. Aládùúgbò kan ní bàbá náà ti rìnrìn àjò. Màmá ò lọ sídìí ilẹ̀kùn rárá, ìdí agolo ni wọ́n lọ. Wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n pè mí kí n wá wò ó. Omi pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Òjò ọjọ́ méjì ló wà nínú agolo yìí. Kò sẹ́ni tó dà á nù. Bàbá yìí ò rìnrìn àjò, inú ilé ni wọ́n wà. Ẹ já ilẹ̀kùn."

Àwọn aládùúgbò já a. Bàbá Moniya wà nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, egungun itan wọn ti kán, ẹnu wọn ti gbẹ. Wọn ò rí Màmá rí, ṣùgbọ́n bí Màmá ti sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti mọ ohùn náà. "Bódìjà?" ni wọ́n wí. Màmá jókòó tì wọ́n lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. "Ẹ ò dáhùn," wọ́n wí.

Nígbà tí a ti gbé bàbá náà dé ilé ìwòsàn, Bàbá Adó pè láti bínú. Ohùn wọn ń jáde nínú fóònù. "Màmá, ẹni tí ẹ ò fojú rí rí láyé yín! Ẹ ò mọ̀ ọ́n rárá!" Màmá ní, "Mo mọ òjò tó ń rọ̀ sílé rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀ bóyá òjò rọ̀ sílé mi lánàá?"

Láti ọjọ́ náà ni òfin ti wà. Gbogbo wọn kọ àdírẹ́sì wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn títí aago mẹ́jọ fi lù, ẹnìkan á kọ ọ́ pé agbègbè báyìí kò tíì dáhùn. Bí kò bá dáhùn síbẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ bá sún mọ́ ọn jù á wọ bàtà lọ wò ó. Ṣùgbọ́n òfin náà ní apá kejì, Màmá ló sì fi í kún un. Ìyá kan wà nínú gúrúùpù tó ń jẹ́ Onírèké. Ọkọ wọn kú, ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́. Iye òjò nìkan ni wọ́n ń kọ, wọ́n á sì dákẹ́. Àwọn yòókù fẹ́ lọ jókòó tì wọ́n. Màmá kọ̀. Mo rántí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ṣì ní i. "Ẹni tó bá ti dáhùn ti ní òun wà. Ẹ má tẹ̀ lé e wọ yàrá. Bí ó bá dákẹ́, nígbà náà kí ẹ lọ."

Ní ọdún tó kẹ́yìn, ojú wọn ṣú. Wọn ò lè ka rúlà mọ́, wọn ò rí fóònù. Èmi ni mo ń wo agolo, èmi ni mo ń kọ ọ́, kí n tó sáré lọ síbi iṣẹ́. Èmi náà ni mo ń se oúnjẹ, tí mo ń wẹ̀ wọ́n, tí mo ń to oògùn. Mi ò ní parọ́, àwọn òwúrọ̀ kan wà tí mo kórìíra agolo yẹn. Lọ́jọ́ kan tí ilẹ̀ tutù tí mo sì ti pẹ́, mi ò lọ wò ó rárá. Mo ní, "Mẹ́ta ni, Màmá."

"Mẹ́ta wo? Mo gbọ́ ọ lórí páànù. Kò lè dín ní mẹ́wàá."

Mo jáde lọ wò ó. Mọ́kànlá ni. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n na ọwọ́ títí wọ́n fi rí ọwọ́ mi dì mú. "Bí ó bá rẹ̀ ọ́, wí pé ó rẹ̀ ọ́," wọ́n wí. "Má purọ́ mọ́ òjò."

Wọ́n kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lójú oorun. Mo gbé tíì wọlé, mo sì mọ̀ kí n tó dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Mo pe Bàbá Adó. Wọ́n sunkún, wọ́n wá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ilé ní Èkìtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó túfọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, mi ò lè bá wọn jiyàn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá pẹ̀lú fóònù wọn lọ́wọ́ mi. Aago mẹ́jọ kọjá. Ìyá Challenge kọ ọ́ pé, "Bódìjà kò tíì dáhùn."

Mo mọ òfin náà. Láàárín wákàtí kan, ẹnìkan á ti wà lẹ́nu géètì. Mo kọ ọ́ pé: "Bódìjà. Òjò ò rọ̀." Kíá ni Ìyá Challenge dáhùn. "Ẹ ṣé, Màmá. Mo ti ń wá bàtà mi."

Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá Adó ní a ti lè sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ fún aládùúgbò, mo sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Mi ò sọ ọ́ nínú gúrúùpù. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní mo fi ọwọ́ òkú tan àwọn jẹ, wọ́n á sì jàre. Ohun mìíràn sì wà níbẹ̀. Níbi gbogbo ni wọ́n ti ń kí mi pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti ń sọ láràárọ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀, Bódìjà." Tí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀, Màmá ti kú tán nìyẹn. Nítorí náà lójoojúmọ́, láì jáde lọ wo agolo, mo ń kọ ọ́ pé òjò ò rọ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá, òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Mo dùbúlẹ̀ mò ń gbọ́ ọ lórí páànù. Mi ò lè kọ ọ́ pé òjò ò rọ̀. Mo mú rúlà, mo jáde sẹ́yìnkùlé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú. Agolo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Gbogbo òjò tí mo ní kò rọ̀ ló wà níbẹ̀, mi ò sì lè mọ èyí tó jẹ́ ti òní. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí fóònù dún nínú ilé. Mi ò lọ gbé e. Ó rẹ̀ mí.

Kò tó aago mẹ́wàá tí kẹ̀kẹ́ fi dúró lẹ́nu géètì. Bàbá Moniya ló sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n ń tì láti ọjọ́ tí itan wọn ti kán. Ìyá kan tó sanra tẹ̀ lé wọn, àpò òwú wà lọ́wọ́ wọn. Mo mọ̀ pé Challenge nìyẹn. Mo kúnlẹ̀. Bàbá Moniya gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n wo inú agolo.

Mo ní, "Ẹ má bínú. Ó di ọjọ́ kejìlá lónìí. Èmi ni mo ń kọ ọ́."

"A mọ̀," ni Ìyá Challenge wí. "Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, omi gba gbogbo títì Bódìjà. Ọmọ mi kọjá níbẹ̀. Bódìjà ní òjò ò rọ̀. Màmá ò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé, àfi tí kì í bá ṣe àwọn mọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò wá?"

"O ń dáhùn," ni Bàbá Moniya wí. "Màmá ní kí a má tẹ̀ lé ẹni tó bá dáhùn wọ yàrá. Òní lo dákẹ́."

Níbẹ̀ ni mo ti sunkún tí mi ò tíì sun láti ọjọ́ Ajé yẹn. Ìyá Challenge dì mí mú, òórùn òjò àti ọṣẹ wà lára aṣọ wọn. Nígbà tí mo dákẹ́, Bàbá Moniya ti gbé agolo, wọ́n ti da omi náà sídìí òdòdó, wọ́n sì ń gbé e padà sórí òpó pẹ̀lú ọwọ́ kan, ọ̀pá wà ní ọwọ́ kejì.

Wọ́n ní, "Lọ́la, kí o wò ó, kí o sì kọ ọ́."

"Orúkọ ta ni kí n fi kọ ọ́, bàbá?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo wí. "Ibo ni agolo wà?"

Òjò tún rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, mo jáde, mo ti rúlà bọ inú rẹ̀, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo da omi rẹ̀ sídìí òdòdó. Lẹ́yìn náà mo mú fóònù, mo kọ ọ́ pé: "Bódìjà. Ó rẹ̀ mí. Mẹ́sàn-án."